Àtẹ́lẹwọ́ Òkè Ilẹ̀kùn Àṣàkẹ́

Baba Lágbayì ni olórí ẹgbẹ́ ọ̀mọlé ní ìlú Òkè-Amọ̀, láyé ìgbà tí gbogbo ilé jẹ́ amọ̀, tí gbogbo òrùlé sì jẹ́ koríko. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, amọ̀ tó ti ń tẹ̀ láti kékeré sì ti sọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di líle bí èèpo igi. Kò bí ọmọkùnrin. Àjàdí, ọmọ àbúrò rẹ̀, ni ó tọ́ dàgbà tó sì kọ́ níṣẹ́, ìfẹ́ tó ní sí ọmọ náà kò sì ṣeé fi pamọ́. Àwọn ìyàwó ilé a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹran inú ọbẹ̀ Baba ti mọ ọ̀nà abọ́ Àjàdí, kò nílò ẹni tí yóò mú un débẹ̀.

Ohun tó sọ Àjàdí di ọmọ rẹ̀ kò dùn ún sọ. Nígbà tí Àjàdí ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, ọ̀mọlé kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá wọ ìlú. Ẹnu rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ó mọ ilé fún àbúrò Baba Lágbayì ní wéréwéré, ó gba owó rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà ni ògiri wó lu bàbá àti ìyá Àjàdí. Baba Lágbayì ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ Àjàdí lábẹ́ àyà ìyá rẹ̀, láìsí egbò kan lára rẹ̀. Wọ́n wá ẹni tó mọ ilé náà tì. Ó ti wà ní ìlú mìíràn nígbà náà, bóyá níbi tó ti ń mọ ilé fún ẹlòmíràn.

Ọdún náà gan-an ni àwọn ọ̀mọlé Òkè-Amọ̀ para pọ̀ di ẹgbẹ́, tí wọ́n sì jọ mulẹ̀. Wọ́n ní ọ̀mọlé kankan kò gbọdọ̀ gbé òrùlé lé ògiri títí ẹgbẹ́ yóò fi wá fẹ̀yìn tì í. Bí ògiri bá gbẹ, gbogbo wọn á wá, wọn á tò sára rẹ̀, wọn á fẹ̀yìn tì í lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á sì fi gbogbo agbára wọn tì í. Bí ó bá dúró, olórí ẹgbẹ́ á fi amọ̀ tútù sókè ilẹ̀kùn, á sì tẹ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí i. Ilé tí kò bá ní àtẹ́lẹwọ́ yìí, ará Òkè-Amọ̀ kò ní jẹ́ kí ọmọ òun sùn níbẹ̀. Àwọn kan ń kùn o. Wọ́n ní ìlara ni, pé àwọn àgbà ọ̀mọlé kò fẹ́ kí ọwọ́ tuntun rí iṣẹ́ ṣe. Ẹ sì mọ ayé, ẹnu wọn kì í sinmi.

Nígbà tí Àjàdí gbọ́ṣẹ́ tán, ilé Fádáìró àti Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni ilé tí yóò kọ́kọ́ dá mọ. Iná ọyẹ́ ló jó ilé àwọn tọkọtaya yìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n Fádáìró ni wọ́n ń sùn sí, tí atẹ́gùn ń fẹ́ lù wọ́n. Ó sì ti pẹ́ tí Àṣàkẹ́ ti ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí, ó sì ti wọ oṣù ìbí. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún, pé kí ọmọ òun má jẹ́ ọmọ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà mú gan-an. Odò ìtòsí ti gbẹ, odò tó kù sì jìnnà. Ilé amọ̀ kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi omi díẹ̀ ṣe. A ó bomi rin amọ̀, a ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a ó fi ewé bò ó kí ó sùn, a ó tún bomi rin ín, a ó tún tẹ̀ ẹ́, títí gbogbo ògúlùtu inú rẹ̀ yóò fi kú. Onílé ló ń pọnmi fún ọ̀mọlé. Fádáìró ń pọn ọ́n, àwọn ará ilé rẹ̀ ń pọn ọ́n, kò tó. Lọ́jọ́ kan Àjàdí gbójú sókè, ó rí Àṣàkẹ́ fúnra rẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò lórí, ikùn níwájú, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

Àjàdí sáré lọ gba ìkòkò náà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ mọ́. Omi tó wà nílẹ̀ yìí ti tó."

"Ṣé ó tó lóòótọ́?"

"Ó tó."

Kò tó, Àjàdí sì mọ̀ pé kò tó. Àánú obìnrin náà ló ṣe é, ẹ má jẹ́ kí a purọ́ mọ́ ọn. Ìlànà ẹgbẹ́ sì ni pé bí omi bá wọ́n ọ̀kan nínú wọn, kí ó ké sí àwọn yòókù, kí ilé gbogbo wọn jọ pọnmi fún un. Ṣùgbọ́n ilé àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Ojú tì í láti ké sí wọn, kí wọ́n má baà sọ pé ọmọ Baba Lágbayì kò lè dá ilé kan mọ. Ó tẹ amọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, kò jẹ́ kí ó sùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ́n. Omi tó ṣẹ́ kù ló fi ń ra ọwọ́, tó fi ń pa ojú ògiri títí ó fi ń dán. Ẹni tó bá rí i lóòkán á ní kò sí irú rẹ̀ nílùú.

Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ wá fẹ̀yìn tì í, Àṣàkẹ́ ti ń rọbí láti òwúrọ̀. Kò lè dúró mọ́, ó ti tẹ́ ẹní tuntun rẹ̀ sí ìdí ògiri ẹ̀yìn nínú ilé tí kò tíì ní òrùlé. Àwọn ọ̀mọlé tò sára ògiri. Baba Lágbayì ní kí wọ́n dúró ná. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri náà, ó gbọ́ ìró rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná ha ìdí rẹ̀. Ìyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ dà sí i lọ́wọ́ bí ìyẹ̀fun.

"Ẹ má fẹ̀yìn tì í o," ni ó wí. "Yóò wó." Ó yíjú sí Àjàdí. "Omi wo lo fi po amọ̀ yìí?"

"Omi odò ni, Baba."

"Itọ́ ni. Itọ́ lo fi mọ ilé yìí, ọmọ mi."

Àjàdí dojú bolẹ̀. Fádáìró dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Baba, ẹ ṣàánú wa. Ìyàwó mi ń rọbí. Ẹ kàn bá wa tẹ ọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí a ta koríko díẹ̀ bò ó. Bó bá bímọ tán, a ó tún un ṣe."

Òjédìran, ọ̀mọlé bíi tiwọn, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Baba Lágbayì láti kékeré, fa Baba sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Lágbayì, ọmọ rẹ ni o. Bí o kò bá tẹ̀ ẹ́ lónìí, ta ni yóò tún pe Àjàdí síṣẹ́ ní ìlú yìí?"

Baba Lágbayì wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ títí. "Ọwọ́ yìí ni mo fi yọ ọ́ lábẹ́ ìyá rẹ̀. N kò lè fi í tẹ irọ́ lé ọmọ ẹlòmíràn lórí."

Ó lọ bá Àṣàkẹ́. "Dìde, ọmọ mi. Yàrá tèmi ni o ó bímọ sí. Èmi yóò sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Àṣàkẹ́ ń sunkún bó ti ń lọ, kò sì jẹ́ kí wọ́n ká ẹní rẹ̀. Ó ní òun ń padà bọ̀ wá bá a. Lójú rẹ̀, bàbá náà burú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àjàdí ní tirẹ̀ kò wọlé jẹun, ẹran inú ọbẹ̀ Baba kò sì rí abọ́ tí yóò lọ.

Òjò kò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ kejì, ìjì kò sì jà. Ìrì lásán ló sẹ̀, irú èyí tó máa ń sẹ̀ bí ọyẹ́ bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, tí ewé koko fi máa ń tutù láàárọ̀. Bí ilẹ̀ ti ń mọ́, igbe ọmọ tuntun ta nínú yàrá Baba Lágbayì. Ọkùnrin ni. Àjàdí gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ìbínú, ó ní òun yóò lọ bá Àṣàkẹ́ ká ẹní rẹ̀ wá.

Kò rí ẹní. Ògiri ẹ̀yìn ti wó, ó sì wó sínú ilé. Etí ẹní náà nìkan ló yọ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Baba Lágbayì bá Àjàdí níbẹ̀ lórí eékún, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì wa òkìtì náà, bí ẹni pé ènìyàn wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ń sunkún bí ọmọdé. Bàbá náà kúnlẹ̀ tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Baba, mo ṣàánú Àṣàkẹ́ ni."

"Mo mọ̀. Àánú rẹ kò burú. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o kò ké sí wa?"

"Ojú ló tì mí."

"Ìgbà tí omi bá wọ́n la dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún, Àjàdí. Bí omi bá pọ̀, ta ló ń wá ẹnì kejì?"

Àwọn ènìyàn ti ń dé. Òjédìran wo ilẹ̀, ó wo ojú ọ̀run. "Òjò kò kúkú rọ̀," ni ó wí. "Ìrì lásán!"

"Ìrì tó o," ni Baba Lágbayì dá a lóhùn. "Ilé itọ́ kò ní í retí òjò."

Ẹgbẹ́ jókòó lé ọ̀rọ̀ Àjàdí lórí. Wọn kò lé e. Wọ́n ní kí ó padà sídìí amọ̀ títẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́, kí ó má dá ilé kankan mọ títí ọyẹ́ mìíràn yóò fi dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìkòkò. Àwọn ọ̀mọlé àti ìyàwó wọn tò lọ sí odò jíjìn náà, Òjédìran arúgbó pẹ̀lú gbé kèrègbè tirẹ̀ dání, wọ́n ń pọn, wọ́n ń dà á, Àjàdí sì ń tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ títí kò fi sí ògúlùtu kan tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀.

Nígbà tí ilé tuntun gbẹ, ẹgbẹ́ tún wá fẹ̀yìn tì í. Àṣàkẹ́ gbé ọmọ rẹ̀, tí wọ́n sọ ní Ilésanmí, lé Àjàdí lọ́wọ́, òun náà sì bọ́ sáàárín àwọn ọ̀mọlé, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ tì í. Ògiri kò mira. Baba Lágbayì na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ amọ̀ tútù lókè ilẹ̀kùn, Àṣàkẹ́ sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Àjàdí wá di olórí ẹgbẹ́ nígbà tó yá. Bí ọ̀dọ́ ọ̀mọlé kan bá ń kánjú, òun a máa mú un lọ síwájú ilé Àṣàkẹ́, á sọ ìtàn ẹní tó wà lábẹ́ ògiri fún un, bí ojú tilẹ̀ ń tì í láti sọ ọ́. Láti ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gba òwe tí wọ́n ń pa títí di òní, pé ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.