Ìkòkò Tí Ọ̀tún Lóṣòó Tì

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tó ṣe oore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe oore ni. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ dákẹ́ kí ẹ rò ó wò. Báwo ni èèyàn ṣe ń lóṣòó ti oore? A ń lóṣòó ti iná nígbà ọyẹ́. A ń lóṣòó ti ihò òkété títí ẹranko yóò fi yọjú. Oore ńkọ́? Ṣé inú ihò ló ń gbé ni, àbí ó ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá lọ? Ẹni tó kọ́kọ́ sọ gbólóhùn yìí kò pa àlọ́. Ohun tó fojú rí ló sọ. Ọkùnrin kan lóṣòó lóòótọ́, orúnkún rẹ̀ sì dùn ún.

Ní ìlú Òkè-Ìrẹ̀, oko jìnnà sílé. Ẹni tó bá jáde nígbà tí àkùkọ kọ, oòrùn a ti yọ kó tó débẹ̀, kò sì sí odò kan láàrin méjèèjì. Ní ìdajì ọ̀nà ni igi ọ̀dán kan wà, òun nìkan ló sì ní ibòji. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìkòkò omi kan máa ń wà, tí wọ́n fi ọmọrí bò, tí ahá kan sì dojú dé lórí ọmọrí náà. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ a sọ ẹrù, a bu omi mu, a dá ahá padà, a bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín. Àwọn kan ní ọba ni. Àwọn kan ní igi ọ̀dán náà ló ń pọn omi fúnra rẹ̀.

Ẹfúnyẹmí ló ni ín, opó kan tó ń mọ ìkòkò nísàlẹ̀ ìlú. Lọ́dún tí wọ́n ń mú un bọ̀ níyàwó láti ìlú rẹ̀, òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú lábẹ́ ọ̀dán yẹn. Ìkòkò àtijọ́ kan ló bá níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti sán, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ tutù bí ìrì. Ahá mẹ́ta ló mu. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kí ó lè dúpẹ́, kò rí ẹnìkan. Ọpẹ́ náà há sí i lọ́fun. Ó béèrè títí láàrin ìlú, kò rí ẹni tó lè sọ ẹni tó pọn omi náà fún un. Nígbà tí ìkòkò yẹn wá fọ́ fúnra rẹ̀ ní ọdún kẹta, Ẹfúnyẹmí mọ òmíràn, ó gbé e síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀, yóò ru omi lọ sábẹ́ ọ̀dán, yóò ṣan ahá, yóò padà sílé. Bí ó bá rí ẹ̀gún lọ́nà, yóò ṣà á dànù. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn, bó bá ń ṣan ahá, a máa rò ó lọ́kàn pé ẹni àkọ́kọ́ yẹn ń wo òun láti ibì kan.

Ọ̀tún ìlú nígbà náà ni Lánìhún. Olówó ni, ó ga, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa ki òun. Ní ọjọ́ kan, àlejò kan dé ààfin, kí ó sì tó kí ọba tán ló ti ń ṣàdúrà: "Ẹni tó ni ìkòkò abẹ́ ọ̀dán yẹn, ayé ẹ̀ ò ní gbẹ!" Gbogbo ilé ṣe àmín. Lánìhún náà ṣe àmín, ṣùgbọ́n àmín náà korò lẹ́nu rẹ̀. Àdúrà tó tóbi báyìí, kí ó máa fò kiri láìmọ orí tó máa bà lé?

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí Ọ̀tún fi ra ìkòkò kan láti ìlú òkèèrè. Ìkòkò náà tóbi débi pé ọmọdé lè lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi òrí pa á lára nínú lóde, títí ó fi ń dán bí ara ìyàwó. Àwọn amọ̀kòkò tó rí i nígbà tí wọ́n ń gbé e kọjá kàn wo ara wọn lójú. Wọ́n ti ìkòkò kékeré tó wà lábẹ́ ọ̀dán sẹ́yìn igi, wọ́n gbé tirẹ̀ síbẹ̀, wọ́n pọn omi kún un, Ọ̀tún fúnra rẹ̀ sì lóṣòó ti ìkòkò. Kò fẹ́ àpótí. Ẹni tó bá fẹ́ bu omi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ojú òun àti ti onítọ̀hún ṣe mẹ́rin.

Fágbùyì ẹlẹ́mu ló kọ́kọ́ kó sí i lọ́wọ́. Akèrègbè mẹ́ta ló so kọ́ èjìká, òógùn bò ó.

"Ẹ kú ìjókòó o, Ọ̀tún."

"N kò jókòó, mo lóṣòó ni. Bu omi mu."

Fágbùyì bu omi. Ahá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ètè rẹ̀ tán.

"Dúró ná," Ọ̀tún wí. "Omi ta ni?"

"Omi yín ni, bàbá. Ẹ ṣeun."

"Ọmọ ta ni mí?"

Fágbùyì ki bàbá rẹ̀.

"Ta ló bí bàbá mi?"

Fágbùyì ki bàbá bàbá rẹ̀. Nígbà tí yóò fi dé orí ẹni tó tẹ ìdílé wọn dó, ọwọ́ ti ń ro ó. Ó wá mu omi náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń rùn bí orí ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí pa.

"Ọ̀tunla ni mo fẹ́ kọ ebè," Ọ̀tún wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo mọ̀ pé ẹni tó mumi mi kò ní jẹ́ kí n dá a kọ."

"Bàbá," Fágbùyì wí, "ahá kan ni mo mu o. N kò mu odò."

Láti ọjọ́ yẹn, àwọn èèyàn a dé abẹ́ ọ̀dán, wọn a kí Ọ̀tún tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn a yí sí ẹ̀yìn igi, níbi tí ìkòkò kékeré wà. Ọ̀tún ń gbọ́ tí omi ń ró gbọ́lọ́gbọ́lọ́ lọ́nà ọ̀fun wọn. Ní ọjọ́ kẹrin, ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ ta ìkòkò kékeré náà, ó fọ́. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ó bá òmíràn níbẹ̀. Ó fọ́ ìyẹn náà. Ní ọjọ́ kẹta rẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ìkòkò ti wà níbẹ̀, omi tutù ti wà nínú rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ó ń fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ló mú àpáàdì kan, ó wo ọnà ọrùn rẹ̀. Amọ̀kòkò kọ̀ọ̀kan ní Òkè-Ìrẹ̀ ló ní ọnà tirẹ̀. Ẹni tó ń yí kùùkù àgbàdo lẹ́ẹ̀mẹta yí ọrùn ìkòkò ká, ẹnìkan ṣoṣo ni.

Ó bá Ẹfúnyẹmí níbi tó ti ń dán ẹnu ìkòkò.

"Ìwọ lo ń gbé ìkòkò jíńjíń dojú kọ tèmi?"

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. N kò dojú kọ yín. Òùngbẹ ni mo dojú kọ."

"Kòtò amọ̀ tí o ti ń wa amọ̀, ilẹ̀ baba ta ni?"

"Ilẹ̀ baba yín ni."

"O ṣeun tí o mọ̀. Bí mo bá rí ìkòkò rẹ lábẹ́ ọ̀dán lọ́la, o ò ní fọwọ́ kan amọ̀ yẹn mọ́ títí o ó fi kú."

Ẹfúnyẹmí ti ọwọ́ bọ omi, ó ń dán ẹnu ìkòkò rẹ̀ lọ. "Ẹ máa rọra lọ, Ọ̀tún," ó wí. "Ẹ má tẹ amọ̀."

Ìyá Àrẹ̀mú, tí wọ́n jọ ń mọ ìkòkò, sáré wọlé bí Ọ̀tún ti jáde. "Ẹfúnyẹmí, lọ dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọkùnrin bó bá gbà bẹ́ẹ̀! Omi lásán ni. Bí wọ́n bá gba amọ̀ lọ́wọ́ rẹ, kí lo máa jẹ?"

"Bó bá jẹ́ omi lásán ni, ìyá, kí ló ń bí i nínú?"

Ó gbé ìkòkò lọ ní ọjọ́ kejì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Ọ̀tún ti fọ́ ọ, ó sì ti fi màrìwò dí ẹnu kòtò amọ̀ fún un. Òfin ti dé. Ẹfúnyẹmí jókòó sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí amọ̀ ti gbẹ sí. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ, ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́ ìyẹn. Ní igun yàrá ni àmù tí ìyá rẹ̀ tó ti kú fi sílẹ̀ fún un wà, èyí tí wọ́n fi sin ín wálé ọkọ, tí kò kúrò lójú kan láti ogún ọdún ó lé. Ó wò ó pẹ́.

Ó ní àṣà kan ní Òkè-Ìrẹ̀. Bí ìyá bá kú tó fi ìkòkò sílẹ̀ fún ọmọ, ẹni tó bá fọ́ ìkòkò náà, yálà ó mọ̀ọ́mọ̀ tàbí kò mọ̀ọ́mọ̀, òun ni yóò máa pọn omi ilé ọmọ náà títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Àṣà náà kò yọ olóyè sílẹ̀.

Ẹfúnyẹmí gbé àmù náà kúrò ní igun yàrá, ó pọn omi kún un. Kò gbé e lọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ bó ti máa ń ṣe. Ìgbà tí oòrùn mú gan-an tí ọ̀nà sì kún ló jáde, òṣùká lórí, àmù lórí òṣùká, ọrùn rẹ̀ gún régé. Ó gba iwájú Ọ̀tún kọjá. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn igi, ó fi ahá bò ó lórí. "Ẹ kú ìlóṣòó o, bàbá," ó wí, ó sì gba ilé lọ láìwẹ̀yìn.

Ọ̀tún dìde pẹ̀lú ìbínú, ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ojú rẹ̀ bá ara àmù náà, ó rí i pé ti àtijọ́ ni. Ó rántí àṣà ìkòkò ìyá. Ẹsẹ̀ dúró lókè bí ẹsẹ̀ adìyẹ tí òjò pa, àwọn tó ń bọ̀ láti oko sì ń wò ó. Ààfin ló kọrí sí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọba ránṣẹ́ pe gbogbo wọn. Ọ̀tún rojọ́ pé obìnrin yìí fi ìkòkò bú òun lójú gbogbo ayé, kí ọba ní kí ó gbé e kúrò, bó bá sì kọ̀, kí ó padà sílùú rẹ̀.

"Ẹfúnyẹmí," ọba wí, "bí mo bá ní kí o gbé e kúrò ńkọ́?"

Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ̀yin lẹ ni ọ̀nà. Bí ẹ bá ní kí n gbé e, màá gbé e. Màá wá dúró lábẹ́ ọ̀dán, màá máa fi àtẹ́lẹwọ́ mi bu omi fún èèyàn. Wọ́n ti gba amọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo lè máa ṣẹ́gi tà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún mi lómi lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kú sọ́nà yẹn kò béèrè ọmọ ta ni mí. N kò ní jẹ́ kí oore yẹn kú sọ́wọ́ mi."

Àwọn ìjòyè kùn. Ọba gbọ́wọ́ sókè. "Ta ló ti mu nínú omi méjèèjì?"

Fágbùyì ló dìde. "Kábíyèsí, ẹ má bínú sí mi. Mo mu ti Ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan. Òùngbẹ ló ń gbẹ mí, wọ́n ní kí n kì wọ́n ná." Ẹ̀rín sọ. "Ìkòkò kejì, mo ti ń mu ún láti ogún ọdún. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ẹni tó ni ín."

Ọba ní kí wọ́n lọ gbé ìkòkò méjèèjì wá. Ẹnìkan ló gbé àmù ìyá Ẹfúnyẹmí dé. Ara rẹ̀ tutù, ó ń làágùn, omi inú rẹ̀ kò tó ahá kan mọ́. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé ti Ọ̀tún, ó kún dé ẹnu. Ọba ṣí i wò. Tanwíji ló ń jó nínú rẹ̀, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀.

"Lánìhún, ọjọ́ mélòó lo fi ṣọ́ omi yìí?"

"Ọjọ́ mẹ́wàá, Kábíyèsí. N kò fi í sílẹ̀ rí. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń lóṣòó tì í."

"Ẹni mélòó ló mu ún?"

Ọ̀tún ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀.

"Ẹnìkan wà tí kò pọn omi rárá láyé rẹ̀," ọba wí. "Ìwọ pọn omi, o lóṣòó tì í, kò sẹ́ni tó lè rí i mu. Kí lo fi sàn ju onítọ̀hún lọ?"

Ó pàṣẹ kí wọ́n já màrìwò ẹnu kòtò amọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé bá mì tìtì fún ariwo. Àwọn ìjòyè ń nawọ́, Ìyá Àrẹ̀mú ń sunkún, wọ́n fẹ́ gbé Ẹfúnyẹmí sókè. Ọba ní, "Ẹ fún un láyè kí ó bọ́ síwájú, kí gbogbo ìlú lè dúpẹ́."

Ṣùgbọ́n Ẹfúnyẹmí ti dìde. Ó ti ń ká òṣùká mọ́ orí. "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ọ̀sán ti ń pọ́n, àwọn èèyàn ń bọ̀ láti oko, ìkòkò sì ti ṣófo." Ó yíjú sí Ọ̀tún. "Bàbá, ẹ padà sun tiyín níná, kí òrí jáde lára rẹ̀. Ìkòkò tí kò bá làágùn, omi inú rẹ̀ kì í tutù. Bí ẹ bá sì ti gbé e síbẹ̀, ẹ máa lọ sílé."

Ó gbé àmù ìyá rẹ̀ rù, ó gba ẹnu ọ̀nà ààfin jáde. Ọpẹ́ gbogbo ìlú ń pè é láti ẹ̀yìn, kò dúró gbà á.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnìkan bá fúnni ní búrẹ́dì, tó sì ń ka iye ìgbà tí a bù ú jẹ, tàbí tó bá báni sọ ẹrù tó dúró kí a máa yìn ín, àwọn àgbà a rántí orúnkún Lánìhún. Wọn a ní: ẹni tó ṣe oore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe oore ni.