Kọ̀ǹpútà Tí Kò Mọ Orúkọ Ìyá Ọ̀ṣọ́ Pè

"Àlejò tí kò mọ orúkọ onílé pè, ìta ni yóò ti mumi." Ẹ̀yin tí ẹ ń pa òwe yìí ní Ìlọ́fẹ̀ àti agbègbè rẹ̀, tí ẹ ń yọ ọrùn bí ẹni tó bá a lábẹ́ odi ìlú, ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Àwọn kan ní ààfin ló ti wá. Irọ́ ni. Àwọn mìíràn ní aṣọ́bodè kan ló fi ń dá amí mọ̀ láyé ogun. Irọ́ tó wọ ṣòkòtò nìyẹn. Òwe yìí kò tíì hu ewú rárá. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló bí i, ní ẹnu ọ̀nà ilé obìnrin kan tó kàwé mọ níwọ̀nba. Ẹ fìdí kalẹ̀, kí n rò ó fún yín látorí dé ẹsẹ̀.

Ìyá Ọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀, ọmọ náà dára débi pé bàbá rẹ̀ ní òun kò wá orúkọ lọ síbì kankan mọ́, ọ̀ṣọ́ ló wọlé òun yìí. Bí ọmọ ṣe di Ọ̀ṣọ́ nìyẹn, tí ìyá sì di Ìyá Ọ̀ṣọ́. Orin ni obìnrin yìí fi ń mí. Bó ń gbálẹ̀, orin ni. Bó ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí àgbàdo, orin ni. Bí ata bá ta sí i lójú, á fi orin bú ata náà tán kó tó bu omi sójú.

Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún kó tó mọ "a, b, d" kà. Tíṣà Àjàgbé, tó ń kọ́ àwọn àgbà níwèé ní ìrọ̀lẹ́, ló kọ́ ọ. Nígbà tí Tíṣà rí i pé orin rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè tọ́jú lọ, ó gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ fún un, kó tó di pé ọlọ́jọ́ mú Tíṣà lọ.

Ẹni tí kò bá mọ kọ̀ǹpútà, kó gbọ́: ó ní ara, ó sì ní ẹ̀mí. Ara rẹ̀ ni èyí tí a ń fojú rí. Ẹ̀mí rẹ̀ ni ètò tó wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, tó ń jí i láàárọ̀, tó ń sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Yọ ẹ̀mí yẹn kúrò, páànù lásán ló kù. Ẹ̀mí tó wà nínú ti Ìyá Ọ̀ṣọ́ ti gbó. Bó bá tàn án, á gbá iwájú ilé, á gbé omi kaná, á kí aládùúgbò mẹ́ta, kí ẹ̀rọ tó lajú. Ṣùgbọ́n Tíṣà ti kọ́ ẹ̀mí àgbà náà ní Yorùbá. Bọ́tìnnì kan wà fún àmì ohùn, òmíràn wà fún àmì abẹ́ lẹ́tà. Tíṣà pe ti òkè ní fìlà, ó pe ti ìsàlẹ̀ ní bàtà.

"Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò dé fìlà, tí kò wọ bàtà," ni Tíṣà máa ń wí, "wèrè ló ń ya. Ibi tó wù ú ni yóò gbà lọ."

Ìka méjì ni Ìyá Ọ̀ṣọ́ fi ń tẹ̀ ẹ́. Bó bá parí ọ̀rọ̀ kan, á bá a sọ̀rọ̀: "O ti dé fìlà, o ti wọ bàtà. Ó yá, máa lọ sílé ọkọ." Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi tẹ orin mẹ́tàlélógójì. Kò ní wúrà, kò ní ilẹ̀ tí yóò fi sílẹ̀. Orin wọ̀nyí ni ogún rẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹni tí kò bá a láyé ṣí ìwé, kó sì kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí òun ti kọ ọ́.

Ọdún náà ni Ẹgbẹ́ Akọrin Obìnrin Ìlọ́fẹ̀ pé ọgọ́ta ọdún. Wọ́n ní ìwé orin Ìyá Ọ̀ṣọ́ ni àwọn yóò fi ṣe àjọ̀dún, wọ́n sì pe àwọn akọrin Ìsàǹbẹ̀ láti wá bá wọn kọ ọ́. Àwọn ará Ìsàǹbẹ̀ kò gbọ́ orin náà rí. Ohun tí ojú wọn bá rí lórí ìwé ni ẹnu wọn yóò sọ.

Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú àjọ̀dún, Káṣìmawò dé láti Ìbàdàn. Ọkọ Ọ̀ṣọ́ ni, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ìyàwó rẹ̀.

"Dìde, Ọkọ Ọ̀ṣọ́. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n ń kí yín, Màmá. Ẹ̀bùn ni mo mú wá. Mo fẹ́ pa ẹ̀mí àtijọ́ tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín rẹ́, kí n fi tuntun sí i."

"Kí ni àgbà ṣe?"

"Àwọn tó ṣe é ti pa á tì, Màmá. Bó bá ya lónìí, kò sẹ́ni tí yóò rán an. Olè orí ayélujára lè wọ inú rẹ̀ nígbàkúùgbà."

Ìyá Ọ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín. "Olè wo? Iná àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan ni mo so ó mọ́. Kò mọ ọ̀nà ayélujára. Ṣé olè yóò gba ojú ọ̀nà tí n kò là ni?"

"Ẹ wo bó ṣe ń falẹ̀, Màmá!"

"Èmi náà ń falẹ̀. Ṣé wàá pa ẹ̀mí tèmi náà rẹ́ ni?"

Káṣìmawò di orí mú. Ṣùgbọ́n Ìyá Ṣẹ̀yẹ, akọ̀wé ẹgbẹ́, wà níbẹ̀, obìnrin tí ohun tuntun ń pa bí ọtí. Ó ní kí Káṣìmawò gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jáde, èyí tí ẹ̀mí tuntun wà nínú rẹ̀, kí àwọn wò ó. Lóòótọ́, kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ó ti lajú. Àwòrán òdòdó kún ojú rẹ̀. Wọ́n kó orin kìíní sínú rẹ̀ látinú ẹ̀rọ Ìyá Ọ̀ṣọ́, wọ́n ṣí i. Gbogbo ibi tí fìlà àti bàtà wà, àpótí kékeré òfìfo ló jókòó síbẹ̀ bí eyín tó yọ.

"Kékeré nìyẹn," ni Káṣìmawò wí. Ó nu àwọn àpótí náà kúrò, ó tún ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ kíákíá, ó fi òdòdó yí i ká: *Mo gbe igba ope de. Orin Iya Oso.*

Ìyá Ọ̀ṣọ́ wò ó títí. "Ìhòòhò ni wọ́n wà."

"Màmá, gbogbo ẹni tó mọ̀ yín ló mọ̀ pé Ọ̀ṣọ́ ni."

"Ẹni tí kò mọ̀ mí ńkọ́?"

"Ìyá Ọ̀ṣọ́, ẹ má jẹ́ ká máa fi àmì ṣe wàhálà," ni Ìyá Ṣẹ̀yẹ dá sí i. "Ayé ti lajú. Tẹ ọgọ́rin ìwé, Ọkọ Ọ̀ṣọ́, ti ìdánrawò orin ọ̀la nìyẹn. Lẹ́yìn náà kí o wá fi ẹ̀mí tuntun sí ti Màmá, kí a fi tẹ ìyókù."

Káṣìmawò na ọwọ́ sí ẹ̀rọ àgbà. Àfi bí Ìyá Ọ̀ṣọ́ ṣe fò dìde! Ó fẹ̀yìn ti tábìlì, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó ń sé màlúù mọ́nà.

"Ìwé ẹgbẹ́, ti ẹgbẹ́ ni. Ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ níhòòhò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí, ẹni tí yóò pa ẹ̀mí rẹ̀, orí mi ni yóò kọ́kọ́ gùn kọjá."

Àna kì í bá ìyá ìyàwó fa tábìlì. Káṣìmawò ká ọwọ́ kò.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ìdánrawò, nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ogójì obìnrin dé láti Ìsàǹbẹ̀, gèlè wọn ga bí òkè. Ìyáàfin Adéyọríjú ló ṣáájú wọn, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ọmọ tó nà ṣì ń rántí. Wọ́n pín ìwé olódòdó. Ìyáàfin Adéyọríjú gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó gbóhùn sókè.

"Orin kìíní. Láti ọwọ́…" Ó bọ́ awò náà, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "Láti ọwọ́ Ìyá Oṣó."

Àwọn ará Ìsàǹbẹ̀ ń wo ara wọn.

"Ẹ dákun," ni ó wí, "oṣó ni wọ́n kọ síbí? Orin oṣó ni ẹ ní ká wá kọ?"

"Ẹ máa kà á lọ, Ìyáàfin," ni Ìyá Ṣẹ̀yẹ bẹ̀ ẹ́, òógùn ti bò ó.

Ìyáàfin náà kà á lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀gún. "Mo gbé… igba… òpè… dé." Ó yí ojú sí àwọn èèyàn rẹ̀. Ó kà wọ́n. Ó yí padà sí Ìlọ́fẹ̀. "Igba òpè? Ogójì péré ni wá láti Ìsàǹbẹ̀. Níbo ni ẹ ti fẹ́ rí ọgọ́jọ tó kù? Àbí ẹ̀yin náà ti ka ara yín mọ́ wa ni?"

Lójú ẹsẹ̀, gèlè ogójì mì. Àpò bẹ̀rẹ̀ sí í gun apá. Ẹnìkan ní àwọn kò ti ọ̀nà jíjìn wá kí wọ́n lè pe àwọn ní òpè. Òmíràn ní oṣó tó kọ orin náà, kó jáde wá kó wá dá àwọn lọ́nà. Ọgọ́ta ọdún ẹgbẹ́ ń fọ́ lọ níbẹ̀, lójú wa, nítorí àmì tí Ìyá Ṣẹ̀yẹ ní ká má fi ṣe wàhálà.

Ìyá Ọ̀ṣọ́ ló dìde. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó bọ́ sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà jáde, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó gbé orin:

*Ẹ bá mi dé fìlà fún un o,*
*Kó má forí lásán wọ̀lú.*
*Ẹ bá mi fi bàtà wọ̀ ọ́ o,*
*Kó má fẹsẹ̀ lásán tẹ̀gún.*
*Òpè kọ́ ni mo kó wá o,*
*Igbá ọpẹ́ ni mo gbé dé.*

Ìyáàfin Adéyọríjú tẹ́tí. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó ké: "Yéè! Igbá ọpẹ́!" Ó bú sẹ́rìn-ín, àwọn ogójì sì tẹ̀ lé e. Ìyá Ọ̀ṣọ́ kò tíì ṣe tán. Ó wá Káṣìmawò kàn níbi tó sá pamọ́ sí lẹ́yìn òpó.

"Wọ́n ní Ìyá Oṣó ni mí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n Oṣó tí mo bí, ó nílé ọkọ o! Ọkọ Oṣó, jáde wá, kí wọ́n rí ọ!"

Ẹ̀rín wó ilé náà. Àwọn ará Ìsàǹbẹ̀ gbé àpò wọn kalẹ̀. Ìyáàfin Adéyọríjú ya ìwé olódòdó náà sí wẹ́wẹ́, ó ní, "Ẹ fún wa ní èyí tó wọ aṣọ."

Ibo ni wọn ì bá ti rí i, ká ní Ìyá Ọ̀ṣọ́ gbà kí wọ́n pa ẹ̀mí àgbà ní Ọjọ́rú? Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ Ẹtì, ó tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ó gbálẹ̀, ó gbé omi kaná, ó kí aládùúgbò mẹ́ta. Ẹ̀rọ lajú. Orin mẹ́tàlélógójì ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dé fìlà, wọ́n wọ bàtà. Ìyá Ṣẹ̀yẹ ló ń ká ìwé pọ̀. Kò sọ̀rọ̀ ayé lílajú mọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, Káṣìmawò dé láti tọrọ àforíjì, àpò kọ̀ǹpútà rẹ̀ léjìká. Ìyá Ọ̀ṣọ́ na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Ìwọ máa wọlé, àna mi. Àpò yẹn ni kó dúró."

Ó gba àpò náà, ó gbé e sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta. Ó wọlé lọ bu omi tútù sínú ife, ó gbé e ti àpò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Màmá, kọ̀ǹpútà lẹ ń bu omi fún?"

"Àlejò ni. A kì í fi omi du àlejò. Ṣùgbọ́n àlejò tí kò mọ orúkọ onílé pè, ìta ni yóò ti mumi."

Káṣìmawò rẹ́rìn-ín, ojú tì í. Kò wọlé. Ó jókòó ti àpò rẹ̀ níta, ó ṣí kọ̀ǹpútà náà sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rẹ́ lórí fóònù. Ó yà á lẹ́nu: àwọn ọmọ Yorùbá kan ti ṣe bọ́tìnnì fìlà àti bàtà fún ẹ̀mí tuntun náà, ó ti pẹ́. Láti ọdún tó ti ń lò ó, kò bi í rí bóyá ó gbọ́ Yorùbá.

Oòrùn ti rọlẹ̀ nígbà tó kan ilẹ̀kùn. "Màmá, ẹ wá wò ó." *Ìyá Ọ̀ṣọ́* ló wà lójú ẹ̀rọ náà, kedere.

"Kó pe igbá ọpẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. *Igbá ọpẹ́.*

Ìyá Ọ̀ṣọ́ bì sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà. "Wọlé, àlejò. Ṣùgbọ́n àpótí ìjókòó ẹ̀bá ògiri ni tìrẹ. Ẹni tó wà lórí tábìlì kò dìde fún ẹnikẹ́ni." Ní ọjọ́ àjọ̀dún, ogójì obìnrin Ìsàǹbẹ̀ gbé igbá ọpẹ́ débi pé òrùlé ń gbọ̀n, ìwé tí àgbà tẹ̀ ló sì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí àgbà Ìlọ́fẹ̀ wí pé, "Àlejò tí kò mọ orúkọ onílé pè, ìta ni yóò ti mumi," ẹ má rò pé ẹni tó kórìíra ohun tuntun ni. Ìgbà tí ohun tuntun bá fẹ́ wọlé wá lé ti àtijọ́ dìde, tí kò sì tíì kọ́ ohun tí à ń jẹ́, ni àwọn àgbà máa ń pa á. Ẹ bu omi fún un, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó dúró lọ́dẹ̀dẹ̀ kọ́ orúkọ yín, pẹ̀lú fìlà, pẹ̀lú bàtà.