Ohun Tí Ìyá Ìbídùn Fi Ojú Ẹkún Rí

“Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.” Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Nílé ọ̀fọ̀ la ti sábà máa ń gbọ́ ọ, nígbà tí àgbà kan bá fi ọwọ́ lé èjìká ẹni tí ẹkún fẹ́ gbé lọ. Ṣùgbọ́n mo bi yín: ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ta ló ń sunkún lọ́jọ́ náà, kí ló sì rí? Ó ṣeé ṣe kí ìlú mìíràn ní ìtàn tirẹ̀, n kò bá ẹnikẹ́ni du tirẹ̀. Bí àwọn ará Ìjẹ̀dó ṣe ń sọ tiwọn ni mo fẹ́ sọ, inú a sì máa bí mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń sọ ọ́.

Ó ṣẹlẹ̀ láyé ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ girama ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ àwọn ìlú kéékèèké. Bíríkìlà kan wà ní Ìjẹ̀dó tó ń jẹ́ Fágbàmígbé. Òun fúnra rẹ̀ kò kàwé, àmọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Fadérera, ti dé kíláàsì kẹrin ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú náà, ibẹ̀ ló sì ń gbé pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù. Bí Fágbàmígbé bá ń po símẹ́ńtì, orúkọ ọmọ yìí ni yóò máa fi dá ara rẹ̀ lára yá. Ó gbà pé bí ayé òun kò tilẹ̀ ju ẹrẹ̀ àti òkúta lọ, ti ọmọ òun yóò jù bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó wà lórí àkàbà, ó ń mọ ògiri lọ́wọ́, nígbà tí Rájí, aládùúgbò rẹ̀ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, sáré dé.

“Bàbá Fadérera, ẹ sọ̀ kalẹ̀! Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti kọ kíláàsì sílẹ̀, wọ́n ti kó jáde sí gbangba. Fadérera yín ló ṣíwájú wọn.”

“Fadérera tèmi?”

“Tiyín náà ni. Ọ̀gá wọn ní kí gbogbo òbí máa bọ̀ kíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò lé wọn dànù.”

Fágbàmígbé kò dúró fọ símẹ́ńtì ọwọ́ rẹ̀. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ igbó, ó gé àtòrì tútù kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ewé rẹ̀ dànù bó ti ń lọ.  Gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́nà ló ń bi ní ìbéèrè. Wọ́n tó mélòó? Ta ló kó wọn jáde? Ṣé wọ́n ti fọ́ nǹkan? Ibo ni wọ́n wà báyìí?

Láti ibi iṣẹ́ títí dé ilé-ìwé, kò bi ẹnì kankan pé: kí ló ṣe wọ́n? Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi Fágbàmígbé rẹ́rìn-ín o. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ sí yín lónìí pé ọmọ yín wà nínú ìwọ́de, ẹ wo ohun tí ọwọ́ yín yóò kọ́kọ́ wá, bóyá pàṣán ni tàbí etí.

Òótọ́ ni pé òun náà rò pé òun mọ ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Ìbídùn kú. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Aróyèhún, ti kéde fún gbogbo ìlú pé ibà òjijì ló pa á, pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi àìsàn náà pa mọ́. Ọkùnrin oníbàtà dídán, tó ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ta ni yóò já a nírọ́?

Nígbà tí Fágbàmígbé dé ẹnu géètì, ohun tó bá yà á lẹ́nu. Kò gbọ́ ariwo. Kò rí òkúta, kò rí igi. Àwọn ọmọ bí igba jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ ilé-ìwé wọn, wọ́n ká ọwọ́ lérí. Láàárín wọn ni obìnrin kan jókòó sí, ó ti tú gèlè rẹ̀, ó fi bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ìyá Ìbídùn ni. Ẹní ló ń hun ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀dó.

Ọ̀gbẹ́ni Aróyèhún dúró sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́.

“Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìrìn,” ó ní. “Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ yín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àìsàn Ìbídùn kọ́kọ́ dé etí mi, ọjọ́ náà ló sì kú. Kí ni ènìyàn lè ṣe sí iṣẹ́ Ọlọ́run? Àwọn wọ̀nyí wá ń sọ káàkiri pé ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi wà nínú àìsàn, pé èmi ni mo ti géètì mọ́ ọn. Irọ́ gbuu ni! Òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ òun padà wọlé, kí ó nà án ní ẹgba mẹ́fà lójú gbogbo wa, kí ó sì tọwọ́ bọ ìwé yìí pé irọ́ ni ọmọ òun pa. Ọ̀dọ̀ aṣíwájú wọn ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Fadérera dà?”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Fágbàmígbé. Ìtìjú bò ó, ìtìjú náà sì tún di ìbínú.

“Fadérera! Dìde, wá síbí!”

Ọmọ náà dìde, ó wá, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Bàbá, ẹ nà mí,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọwọ́ bọ ìwé yẹn.”

Fágbàmígbé gbé àtòrì sókè. Ó nà án lẹ́ẹ̀kan. Ó nà án lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ náà kò ké. Ó nà án lẹ́ẹ̀kẹta, ẹgba yẹn sì ró débi pé àwọn ọmọ tó wà níwájú di ojú wọn. Ìgbà náà ni Fadérera la ẹnu, ohùn rẹ̀ kò ju ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá lọ.

“Bàbá, ẹ̀yìn tí ẹ ń nà yìí ni Ìbídùn kú sí.”

Ọwọ́ Fágbàmígbé dúró lókè.

“Kí lo wí?”

“Láti ọjọ́ Ìsinmi ni ara rẹ̀ ti gbóná. A bẹ Ọ̀gá kí wọ́n fún wa níwèé àyè ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ó ń sá fún iṣẹ́ oko ni. A tún bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò lè mu omi mọ́, la bá já àgádágodo géètì. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé orí afárá. Nígbà tí a kọjá afárá, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Mo rò pé ó sùn ni, Bàbá. Mo ń rọra rìn kó má bàa jí.”

Símẹ́ńtì ti gbẹ mọ́ ọwọ́ Fágbàmígbé. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, ó rọra sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

“Bàbá, ẹ má dá a lóhùn,” Ọ̀gbẹ́ni Aróyèhún wí. “Ẹ parí iṣẹ́ yín. Ó ku mẹ́ta.”

Ibi tí ó ti ń wí bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó wà láàárín àwọn ọmọ ti dìde. Ó ṣí gèlè kúrò lójú. Ojú náà ti wú, omi ṣì ń dà níbẹ̀, obìnrin náà kò sì nù ún. Ó ń bọ̀ níwájú, àwọn ọmọ ń yẹra fún un.

Ọ̀gá náà rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìyá, a bá yín kẹ́dùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà jókòó. Ẹkún ti dí yín lójú, ẹ kò lè mọ ohun tó ń lọ níbí.”

“Ọ̀gá,” obìnrin náà dáhùn, “ẹkún ni mò ń sun, n kò fọ́jú. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.”

Ó nàka sí géètì.

“Lọ́jọ́ Ajé, mo dúró níbẹ̀ yẹn. Mo gbé gààrí àti ẹja gbígbẹ wá fún ọmọ mi. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ jáde sí mi, aṣọ funfun lẹ wọ̀. Mo ní kí ẹ bá mi pè é. Ẹ ní ó dùbúlẹ̀, ẹ ní kò sí ohun tó ń ṣe é ju ọ̀lẹ lọ, pé bí mo bá ń kẹ́ ẹ báyìí, yóò bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ ní kí n máa lọ. Mo kúnlẹ̀, Ọ̀gá, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ ń bá mi tọ́ ọmọ! Lónìí, ẹ wá dúró níwájú ìlú, ẹ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ kọ́kọ́ gbọ́. Ṣé ẹ rò pé ẹkún ti wẹ ọjọ́ Ajé kúrò lójú mi ni?”

Ọ̀gbẹ́ni Aróyèhún yára sọ pé ìbànújẹ́ ló da ọjọ́ rú mọ́ obìnrin náà nínú. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ géètì fi wú ikọ́ sí i.

“Ọjọ́ Ajé ni, Ọ̀gá,” arúgbó náà wí. “Èmi ni ẹ ní kí n gbé gààrí náà wọlé.”

Ìyá Ìbídùn kò wo ẹ̀yìn. Àwọn òbí ló yíjú sí báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì fi pàṣán pa mọ́ sẹ́yìn.

“Mo rí ẹ̀yin náà,” ó ní. “Àgbà kan kò sí tó bá mi gbé ọmọ mi. Àwọn ọmọdé ló gbé e. Àwọn yìí náà lẹ wá gé àtòrì fún.”

Fágbàmígbé lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Aróyèhún lórí àtẹ̀gùn. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó kà á sókè. Fadérera kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ìlà mẹ́rin lọ: pé irọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pa, pé kò sí ẹni tó bẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fún ohunkóhun, pé àwọn òbí kò ní ẹjọ́ kankan láti rò.

“Bí a bá tọwọ́ bọ èyí,” Fágbàmígbé bèèrè, “ta ló ti géètì mọ́ ọmọ?”

Ọ̀gbẹ́ni Aróyèhún na ọwọ́ láti gba ìwé náà padà.

“Ẹ gba pàṣán yín,” Fágbàmígbé wí, ó fi àtòrì náà lé e lọ́wọ́. “Èmi ni mo gé e, àmọ́ iṣẹ́ yín ni mo fi ń jẹ́.”

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Fadérera sún kúrò díẹ̀. Fágbàmígbé kò sún mọ́ ọn.

Kì í ṣe gbogbo òbí ló jókòó. Àwọn kan na ọmọ tiwọn pé ẹgba mẹ́fà, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n sì lọ sílé. Wọ́n wà nínú ìlú náà títí wọ́n fi kú, kò sẹ́ni tó bá wọn jà. Àwọn tó jókòó jókòó fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún àwọn ọmọ, títí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ fi dé láti olú-ìlú. Wọ́n gbọ́ ẹnu Ìyá Ìbídùn, wọ́n gbọ́ ẹnu arúgbó ẹ̀ṣọ́, wọ́n sì gbọ́ ẹnu àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ padà sí kíláàsì láìsí ẹgba, wọ́n sì gbé kọ́kọ́rọ́ géètì kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá nìkan. Ọ̀gbẹ́ni Aróyèhún ńkọ́? Ìlú mìíràn ni wọ́n gbé e lọ, kí ó lọ máa ṣe ọ̀gá níbẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n pè ní ìjìyà! Ẹni tó bá ní kí n má bínú sí i, kí ó lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Ìbídùn.

Nígbà tí Fadérera wá sílé fún ìsinmi, Fágbàmígbé fi òrí pa ojú ẹgba tó ṣì hàn lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, mo ṣìnà.”

“Bàbá, mo mọ̀ pé inú ń bí yín,” Fadérera wí. “Ṣùgbọ́n ẹ kò bi mí. Ẹ kò tilẹ̀ bi mí.”

Fágbàmígbé tún bu òrí sí ọwọ́. Ó ń fi pa á lọ.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Ìjẹ̀dó pé: bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Àwọn àgbà máa ń fi gba ẹni tí ìbànújẹ́ bá nímọ̀ràn pé kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ẹkún gba ojú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lè mọ ẹni tó ṣe é lóore àti ẹni tó ṣe é níbi. Wọ́n sì tún máa ń sọ ọ́ sí etí ẹni tó bá wà nípò, bóyá òbí ni, bóyá olùkọ́ ni, bóyá ọba ni, tó bá ń wo omi ojú àwọn tí ìyà ń jẹ, tó rò pé wọn kò rí òun. Wọ́n ń rí ọ.