Ògiri Omi

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kékeré kan tó wà létí odò ńlá. Òun nìkan ló gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó bá àwọn òyìnbó tó ń la ọ̀nà ọkọ̀ ṣiṣẹ́. Ó ń pọnmi fún wọn, ó ń dáná fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni èdè wọn ṣe wọ̀ ọ́ létí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó padà sílé, ìlú sọ ọ́ di ògbufọ̀. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá wá, òun ni wọ́n ń pè. Bí ẹjọ́ ẹnì kan bá dé kóòtù, òun ló ń bá a lọ. Wọ́n fún un ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baálẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì sọ pé ó ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀ rí, nítorí kò sí ẹni tó lè mọ̀.

Ìlú náà ní ìṣòro kan. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti pọ̀, odò a kún, a sì wọ oko wọn. Ìjọba ti sé odò náà mọ́ ní òkè réré, omi tí wọ́n kó jọ síbẹ̀ sì tẹ́jú lọ bí ọ̀sà, síbẹ̀ ìkún omi kò tán. Ó ti pẹ́ tí Baálẹ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá àwọn mọ ògiri gíga kan sétí odò. Ògbufọ̀ ló ń gbé ẹ̀bẹ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti sọ tó ọ̀rọ̀ ògiri yìí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò tí kò dá fún ọjọ́ púpọ̀, ọkọ̀ jíìpù kan sáré wọ ìlú. Ẹnjiníà kan ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣọ́ omi tí wọ́n sé mọ́ lókè. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, kò sì gbọ́ èdè wa rárá. Ẹrẹ̀ bo ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Kò pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀. Ó dúró níwájú ilé Baálẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, ó nawọ́ sí apá ibi tí odò ti ń ṣàn bọ̀, ó tún nawọ́ sí òkè olókùúta tó wà lẹ́yìn ìlú.

Bí a bá mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ohun tó wí ni pé ògiri omi kan ń bọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ wákàtí ni. Ó tún sọ nǹkan kan nípa òkè náà, ṣùgbọ́n ariwo ẹ́ńjìnnì bo ìyókù.

Ògbufọ̀ gbọ́ ògiri. Ó gbọ́ omi. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ó yíjú sí Baálẹ̀, ó ní:

“Baba, ẹ̀bẹ̀ wa ti gbà! Ògiri omi tí a ń tọrọ ti ń bọ̀. Òní olónìí ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Ó ní orí òkè yẹn ni wọn yóò ti kó òkúta rẹ̀.”

Àwọn ènìyàn hó yèè. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ìyá arúgbó kan wà láàárín wọn, Abọ́sẹ̀dé ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá ògbufọ̀ ni. Ó ti ń wo ẹnjiníà náà láti ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀. Ó fa ògbufọ̀ láṣọ.

“Ọmọ mi, wo ojú ọkùnrin yìí. Ṣé ojú ẹni tó mú ayọ̀ wá nìyí?”

“Ìyá, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ọ̀nà ibi tó ti ń bọ̀ jìn.”

“Tún bi í. Bi í pé irú ògiri wo ni.”

Ògbufọ̀ wo yíká. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti ń rò ó pé ọ̀rọ̀ náà ṣe àjèjì díẹ̀ létí òun, nítorí òun kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni so ògiri pọ̀ mọ́ omi bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè níṣojú gbogbo ìlú, wọn yóò mọ̀ pé nǹkan kan wà tí kò yé e.

“Ìyá,” ni ó wí, “ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi. Àbí ẹ̀yin náà ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó náà fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹnjiníà bi ògbufọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà yé wọn. Ògbufọ̀ ní ó yé wọn yékéyéké. Ẹnjiníà rí i pé àwọn kan ń jó, ó sì yà á lẹ́nu. Ó ya ẹnu bí ẹni tó tún fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú mìíràn wà nísàlẹ̀ odò tí kò tíì gbọ́. Ó kó sínú ọkọ̀, ó sì lọ.

Baálẹ̀ ní kí gbogbo ìlú jáde lọ ṣán etí odò, kí ilẹ̀ lè mọ́ kí àwọn tó ń mọ ògiri tó dé. Kò sí ẹni tó kọ̀. Àwọn ọkùnrin mú àdá àti ọkọ́. Àyọ̀ká, ìyàwó ògbufọ̀, pọn ọmọbìnrin wọn sẹ́yìn, ó ru ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ìyá Abọ́sẹ̀dé jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní ohun tí gbogbo ìlú bá ti gbà, òun kò lè nìkan kọ̀ ọ́. Ó mú ìgbálẹ̀, ó bá wọn lọ.

Ògbufọ̀ ní tirẹ̀ mú àwọn bíríkìlà ìlú gun òkè lọ, kí wọ́n lè yan òkúta tó dára sílẹ̀.

Oòrùn ti kọjá àtàrí nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró kan. Bíríkìlà kan dúró, ó ní: “Lọ́rì mélòó ló ń bọ̀ báyìí?” Wọ́n bojú wo ọ̀nà ọkọ̀. Kò sí lọ́rì níbẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n wo odò. Omi náà yọ níbi tí odò ti yípo, ó pọ́n, ó ga ju igi lọ, ó dúró ṣánṣán bí ó ti ń bọ̀, àwọn igi tó ti hú sì ń yí nínú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé ògbufọ̀. Ó kígbe. Ó ń ju ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń pariwo pé kí wọ́n sá, ṣùgbọ́n ìró omi gba ohùn rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Obìnrin kan rí i láti ìsàlẹ̀. Ó gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ju ọwọ́ sí i padà bí ẹni ń kí i.

Ó mọ aṣọ tó wà lọ́rùn obìnrin náà. Ìyàwó rẹ̀ ni.

Omi kọjá lórí etí odò, ó kọjá lórí ìlú, kò sì dáwọ́ dúró títí ọjọ́ fi rọ̀. Nígbà tó fà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá òkú. Wọ́n rí Àyọ̀ká lábẹ́ igi àràbà kan. Ọ̀já ọmọ ṣì wà ní dídì mọ́ ọn, ọmọ kò sí nínú rẹ̀. Wọn kò rí Ìyá Abọ́sẹ̀dé rárá. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò ṣẹ́kù sí nínú ìlú náà pọ̀ ju èyí tí ènìyàn ṣẹ́kù sí lọ.

Lẹ́yìn náà ni ẹnjiníà padà wá. Ó bá ògbufọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kó àwọn tó ṣẹ́kù sí.

“Mo sọ fún ọ,” ni ẹnjiníà wí. “Mo wá kí omi tó dé. Kí lo sọ fún wọn?”

“Mo sọ pé ẹ ń bọ̀ wá mọ ògiri.”

Ẹnjiníà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó wá ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kò sí ògiri kankan nínú ọ̀rọ̀ òun. Omi tí wọ́n sé mọ́ lókè, tó ti ya, ni òun ń sọ. Bí ó ti pọ̀ tó àti bí ó ti ga tó ni òun fi ògiri wọ̀n. Ọ̀rọ̀ wákàtí tí òun sì wí, òun fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò ní pẹ́ rárá ni, kí wọ́n sá gun òkè lójú ẹsẹ̀.

Àwọn tó ṣẹ́kù kò lu ògbufọ̀. Wọn kò bú u. Bíríkìlà tó bá a lọ sórí òkè ń gbé oúnjẹ wá fún un, a gbé e sílẹ̀, a sì lọ láìkí i. Bí ó ti gbé ìyókù ayé rẹ̀ nìyẹn.

Arábìnrin mi, ìwọ tí ilé ìwòsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti máa túmọ̀ fún àwọn dókítà àlejò, ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ dára ju ti ọkùnrin yẹn lọ. Kò burú. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì a máa fi orúkọ ohun kan wọn ohun mìíràn. Àwa a ní iṣẹ́ pọ̀ bí òkè. Wọ́n á ní òkè iṣẹ́, òkè kankan kò sì sí níbẹ̀. Wọ́n á ní ẹ̀kúnwọ́ ènìyàn, wọn kò ro ọwọ́, àwọn tí kò pọ̀ ni wọ́n ń sọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun tí wọ́n dárúkọ gan-an ni wọ́n fẹ́. Etí nìkan kò lè bá ọ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nítorí náà, bí dókítà bá ní ẹ̀kún ṣíbí, bi í pé ṣíbí wo. Bí ó bá ní ẹ̀kán oògùn, jẹ́ kó kán an lójú rẹ. Bí ó bá ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni, má túmọ̀ rẹ̀ títí yóò fi sọ bóyá ó yá ni tàbí ó pẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì yóò rẹ́rìn-ín. Àwọn kan yóò sọ pé ta ló gbà ọ́ síṣẹ́. Ojú yóò tì ọ́, mo mọ̀. Má wo nọ́ọ̀sì. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni kí o máa wò, kí o sì tún béèrè.