Ọ̀já Ẹlẹ́gbẹ̀rún Kókó

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Inú ń bí mi lónìí, nítorí náà àlọ́ mi kò dá lórí ìjàpá. Ó dá lórí Táné, opó kan nílẹ̀ Jàpáànì, àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Ìsámù àti Ṣígérù. Ẹ̀yin tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, mo rí yín.

Ogun dé. Olóyè ogun ní: "Kí ìyá kọ̀ọ̀kan wá ọ̀já funfun. Kí ẹgbẹ̀rún obìnrin fi òwú pupa so kókó kọ̀ọ̀kan sí i. Ọmọ tó bá dè é mọ́nú, ọta ìbọn ò ní bà á."

Táné mú ọ̀já tó fi pọn Ìsámù, ó dúró ní oríta, ó ń kọrin. Ẹ máa gbè é:

Ẹ bá mi so ó o,
Ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Kó lọ, kó bọ̀ o,
Ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Obìnrin kan so kókó kan, ó kọjá. Òmíràn so kókó kan, ó kọjá. Orúkọ ẹranko ni wọ́n fi ń pe ọdún níbẹ̀; ẹni tí wọ́n bí lọ́dún ẹkùn nìkan ló ń so kókó tó iye ọjọ́ orí rẹ̀, torí wọ́n ní ẹkùn a máa lọ jìnnà, a sì máa padà wálé. Kókó pé ẹgbẹ̀rún. Ìsámù dè é mọ́nú, ó lọ.

Ọ̀já padà dé. Ìsámù ò dé. Kókó kan ò tú lára ọ̀já náà.

Táné gbé e tọ Olóyè lọ. "Olóyè, ọmọ mi dà?"

"Kókó rẹ ni ò pé."

Táné délé, ó kà á, ó pé. Ó padà. "Ó pé, Olóyè. Ọmọ mi dà?"

"A jẹ́ pé àwọn tó so ó ò fi tọkàntọkàn so ó."

Táné bi wọ́n láti ilé dé ilé. Ẹkún ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ó padà. "Tọkàntọkàn ni. Ọmọ mi dà?"

"Ìyá yìí, o ti ń yọ mí lẹ́nu. Lọ so òmíràn. Ọ̀la ni Ṣígérù ń lọ."

Ọmọkùnrin Olóyè, ẹgbẹ́ Ìsámù, jókòó ti bàbá rẹ̀, ó ń jẹ ìrẹsì. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Ó ń jẹ ìrẹsì.

Táné bọ́ síta, ó fi ìbínú gbé orin:

Ẹ bá mi dè é o,
Ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Olóyè ló kàn o,
Ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Gìrì, gìrì, gìrì, àwọn obìnrin tó so ó kún àgbàlá. Wọ́n mú Olóyè, wọ́n de ọ̀já mọ́ ọn nínú.

Táné ní: "Ọta ò ní bà ọ́. Ìwọ ni kó o ṣíwájú lọ́la, kí ọmọ rẹ tẹ̀ lé ọ. Ṣígérù á wà lẹ́yìn yín."

Olóyè figbe ta: "Ẹ tú u, ẹ jọ̀ọ́. Òwú lásán ni."

Gbogbo àgbàlá gbọ́ ọ.

Táné ní: "O mọ̀. O mọ̀ kí Ìsámù mi tó lọ."

Ó gba ọ̀já rẹ̀, ó fa Ṣígérù lọ́wọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá kankan ò yọ̀ǹda ọmọ. Ṣùgbọ́n Ìsámù ò padà wálé mọ́.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé: ẹni tó bá ní oògùn òun ń dá ọta dúró, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dè é mọ́. Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́ mi dé. Bí mo bá parọ́, kí ẹgbẹ̀rún kókó náà so mí lẹ́nu.