Arọ Tó Kúrò Lẹ́nubodè Ìdógìrì

Ní ìlú Ìdógìrì láyé àtijọ́, ogun ti dáwọ́ dúró pẹ́ débi pé àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kò mọ̀ ọ́n ju ìtàn lọ. Kí apá wọn má baà rọ, àwọn baba wọn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Olóparun. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti kó iṣu tuntun wọlé, ẹgbẹ́ náà á pín sí ọ̀nà méjì, wọn á sì fi ọ̀pá oparun bá ara wọn jà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Imú a máa bẹ́jẹ̀, orí a máa wú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í kú. Eré ni, àmọ́ kò sí ọkùnrin Ìdógìrì tó ń fi ojú eré wò ó.

Ipò inú ẹgbẹ́ náà ju ara wọn lọ. Agbẹ́parun ló kéré jù. Òun ló ń gé oparun, tó ń fá a, tó sì ń rẹ́ ẹnu rẹ̀ kó má baà gún ẹnikẹ́ni lójú. Aṣọ́bodè ló tẹ̀ lé e, ìyẹ́ lékeléke sì ni àmì rẹ̀ lára fìlà. Aṣáájú ń kó èèyàn lẹ́yìn, Balógun sì ni olórí gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí wọ́n ń tìtorí orúkọ baba rẹ̀ gbé ga. Agbẹ́parun tó bá fẹ́ di Aṣọ́bodè ní láti sáré gun Òkè Ọ̀tẹ́, kó sì mú òkúta funfun bọ̀ láti orí rẹ̀ kí ìrì tó gbẹ lórí koríko. Lẹ́yìn náà, yóò ṣọ́ ẹnubodè láti ọjọ́ tó ṣáájú ogun oparun títí ogun náà yóò fi parí, láìkúrò níbẹ̀.

Ẹnubodè yìí ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kùnà. Àwọn àgbà mẹ́ta tó ti fẹ̀yìn tì nínú ẹgbẹ́ ní àṣẹ láti rán ẹni tó bá wù wọ́n síbẹ̀ pẹ̀lú irọ́ tó lè já èèyàn láyà, láti fi dán ẹni tó ń ṣọ́ ọ wò. Àgbà kan kì í sọ fún èkejì, Balógun pàápàá kì í mọ̀. Lọ́dún kan, ọdẹ kan da ẹ̀jẹ̀ àkùkọ sára aṣọ rẹ̀, ó ń ké pé ogun ti wọ oko. Ọkùnrin tó ju oparun rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà di ẹni tí wọ́n ń fi kọrin. Ó ti kú tán kí àwọn obìnrin tó ṣíwọ́ kíkọ orin náà létí odò.

Nínú ẹgbẹ́ yìí ni Ìgè wà. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ nígbà tí wọ́n bí i, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibà líle kan mú un ní kékeré, àtìgbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ. Ọwọ́ ló fi ń rìn, pẹ̀lú pátákó kéékèèké méjì tó gbẹ́ fún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ oparun fá bí i tirẹ̀, àmọ́ oparun fífá kì í gbé èèyàn gun òkè. Àwọn ọmọ tó gbẹ́ ọ̀pá àkọ́kọ́ fún ti di Aṣáájú. Wọn á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn á ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá Agbẹ́parun.” Yóò rẹ́rìn-ín, yóò dá wọn lóhùn. Bó bá délé, yóò ti àwo oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọdún tí Ògúnṣakin di Balógun ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ògúnṣakin kéré sí Ìgè, òun náà sì wà lára àwọn tí Ìgè gbẹ́ oparun fún. Nígbà tí ẹgbẹ́ pé jọ, ó dìde, ó ní ojú ni wọ́n fi ń ṣọ́ bodè, kì í ṣe ẹsẹ̀. Àwọn kan kùn. Wọ́n ní bí wọ́n bá yọ òkúta kúrò fún Ìgè, ọ̀la ni ọ̀lẹ yóò wá tọrọ tirẹ̀. Wọ́n fà á títí, kí wọ́n tó gbà pé Ìgè kò ní gun òkè, ṣùgbọ́n pé yóò ṣọ́ ẹnubodè ìlà-oòrùn pẹ̀lú Bámgbélù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré tó ti di Aṣọ́bodè. Òfin ẹnubodè kò ní yẹ̀ nítorí Ìgè. Bó bá kúrò níbẹ̀, Agbẹ́parun ni yóò jẹ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbẹjọ́ rẹ̀ mọ́.

Ayọ̀ká, ìyàwó rẹ̀, rán fìlà tuntun fún un, ó sì fi àyè ìyẹ́ sílẹ̀ létí rẹ̀. Ìgè dé e lọ sí ẹnubodè ní ìdájí ọjọ́ tó ṣáájú ogun oparun. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí jẹ ẹ̀kọ tí wọ́n dì fún un.

Oòrùn kò tíì mú nígbà tí obìnrin oníyọ̀ kan yọ láti ọ̀nà odò. Eruku bò ó dé orúnkún, ó sì ń mí hẹlẹ. Ó ní abúlé kan létí odò ni òun sùn, òun sì bá ogunlọ́gọ̀ ọkùnrin àjèjì níbẹ̀ tí wọ́n ń pọ́n àdá, tí wọ́n sì di okùn jọ bí ìdì igi.

“Àdá kọ́ ló bà mí lẹ́rù,” ni obìnrin náà wí. “Wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo ni àwọn ará Ìdógìrì ń fi igi jagun. Mo ní n kò mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, òun mọ̀ ọ́n, ọ̀la ni.”

Bámgbélù bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá, ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Èwo nínú àwọn bàbá ló bẹ̀ yín? Ẹ lọ sọ fún un pé ti ọdẹ ọjọ́sí dáa ju tiyín lọ.”

Obìnrin náà wò ó bí ẹni ń wo wèrè. Ó gbé agbọ̀n iyọ̀ rẹ̀ sórí, ó gba àárín ìlú kọjá, kò yà sọ́jà, kò sì ta iyọ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ ti wọ́n ní Ìdógìrì lákòókò náà bí ojú. Èyí ni kò jẹ́ kí ọkàn Ìgè balẹ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun pe Balógun.

Ògúnṣakin gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò fi ṣẹ̀sín. Ó tọ àwọn àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ nílé wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi wọ́n bóyá àwọn ni wọ́n rán oníyọ̀. Kálukú wọn rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní àgbàlagbà kì í béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó padà dé ẹnubodè, ojú rẹ̀ ti rọ̀.

“Àdánwò ni, ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí. “Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀la kò jìnnà.”

“Wọ́n sọ fún yín pé àwọn ni wọ́n rán an?”

“Wọn kì í sọ. Ẹ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé inú ẹgbẹ́.”

Ìgè wo ọ̀nà odò, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ká sí lábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí Balógun yọ̀ǹda òun kí òun kó ìyàwó àti ọmọ òun lọ sí ihò àpáta lórí Òkè Ọ̀tẹ́, kí òun padà wá bí ohunkóhun kò bá ṣẹlẹ̀.

“Bí ẹ bá kúrò, n kò lágbára láti ṣe ohunkóhun fún yín mọ́,” ni Ògúnṣakin wí. Ohùn rẹ̀ gbẹ. “Ẹ mọ ohun tí mo fara gbà nítorí yín. Àwọn tó ní kí n má ṣe é ń retí òní.”

“Balógun, mo mọ̀. Ẹ ṣeun fún mi.” Ìgè fa pátákó ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. “Bó bá jẹ́ àdánwò, màá di ẹni orin. Bó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ lẹ́sẹ̀, ìgbà tí ẹ bá rí ogun ni ẹ máa sá. Ìgbà tí èmi bá ti gbọ́ ni tèmi.”

Bámgbélù kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ lápá mú, ó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ohun tó ti ń wá láti ìgbà èwe rẹ̀ ku ọjọ́ kan péré. Ìgè bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ̀ lé òun. Bámgbélù ní kí òun tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí oparun fífá? Ó ní òun kò lè ṣe é. Bí wọ́n ṣe pínyà nìyẹn.

Ní ọ̀sán gangan ni Ìgè la ìlú kọjá. Kò sí ẹni tí kò rí i. Àwọn ọ̀dọ́ kọrin tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí ará ayé wá wo ojo tó ń fọwọ́ sá. Àwọn ìyá ń ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn wò, wọ́n ń mi orí. Ayọ̀ká pọn ọmọ, ó gbé ìkòkò omi, ó ń lọ níwájú, kò bojú wẹ̀yìn. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà, àmọ́ kò bá a sọ̀rọ̀. Òkè tí àwọn mìíràn ń sáré gùn kí ìrì tó gbẹ, Ìgè fi ọwọ́ gùn ún láti ọ̀sán títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ihò, ìka rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ pátákó rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, fèrè dún nísàlẹ̀. Wọ́n gbọ́ igbe àwọn Olóparun àti àtẹ́wọ́ àwọn obìnrin. Ìlú ń dùn. Kò sí èéfín, kò sí ẹkún. Ìgè jókòó lẹ́nu ihò, ó bọ́ fìlà rẹ̀ sílẹ̀.

“Ṣé o ti rí i báyìí?” ni Ayọ̀ká wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá ọkọ rẹ̀ sọ láti àná nìyẹn. “Kí ni n óò sọ fún ọmọ yìí tó bá dàgbà?”

Ó dìde, ó ń kó ẹrù, ó ní òun ń sọ̀ kalẹ̀. Ìgè kò dá a dúró. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wo ọ̀nà odò, ó rí ìlà èèyàn kan tó ń bọ̀ láàárín koríko, ohun tí wọ́n mú dání sì ń kọ mànà nínú oòrùn. Oparun kì í kọ mànà. Ó na ọwọ́, ó di etí aṣọ ìyàwó rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ló ké. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há, àmọ́ igbe gba gbogbo ìlú, kò sí ẹni tó gbọ́ tirẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó sá pamọ́ sínú koríko lẹ́bàá ẹnubodè ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bámgbélù gbé oparun rẹ̀ dínà. Ó ní wọ́n múra dáadáa lọ́dún yìí, àdá wọn jọ àdá gidi, ṣùgbọ́n òun kò ní kúrò. Wọ́n ṣá a lulẹ̀ níbi tó dúró sí. Nígbà tí igbe bẹ̀rẹ̀ láàárín ìlú, àwọn tó wà lókè ọjà ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ìjà ti dùn. Àwọn Olóparun yíjú sí àwọn àjèjì náà pẹ̀lú ọ̀pá tí wọ́n ti rẹ́ ẹnu wọn kí wọ́n má baà ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Kí wọ́n tó mọ̀ pé ikú ni wọ́n ń bá jà, okùn ti wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn tó yára jù lọ nínú ẹgbẹ́, àwọn tó máa ń mú òkúta funfun bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mí, ni wọ́n kọ́kọ́ kó lẹ́rú, nítorí àwọn ló wà níwájú.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí ìlú fi dákẹ́. Àwọn tó ṣẹ́ kù wọ́ ara wọn wá sórí òkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ògúnṣakin wà lára wọn, apá rẹ̀ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ìgè fi omi inú ìkòkò fọ ojú ọgbẹ́ náà, ó ya ìdajì aṣọ rẹ̀ fi dì í. Ìgbà tí Ìgè béèrè Bámgbélù tí Balógun kò lè wo ojú rẹ̀ ni Ìgè tó sunkún.

Ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn àgbà mẹ́ta náà ló yè é, Bàbá Àdìgún. Òun ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn, pé òun kò rán oníyọ̀ kankan. Ó ní òun rò pé ọ̀kan nínú àwọn méjì yòókù ló rán an, òun sì mọ̀ dájú báyìí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ṣe rò. Àtọjọ́ náà ni Ìdógìrì kò ti fi oparun jagun mọ́.

Nígbà tí àwọn ará ìlú tó wà nítòsí wá bá wọn sin òkú, wọ́n rí Ìgè tó ń fi ọwọ́ rìn láàárín sàréè, ẹnu sì yà wọ́n. Wọ́n bi Bàbá Àdìgún léèrè bí ogun tó kó àwọn eléré ìje ṣe fi arọ sílẹ̀. Bàbá náà ní ogun kò fi í sílẹ̀, òun ló fi ogun sílẹ̀, nítorí wọ́n sọ ọ́ létí gbogbo wọn, òun nìkan ló sì gbọ́. Àwọn àlejò náà mú ọ̀rọ̀ yìí relé, ó ti ẹnu wọn dé ẹnu àwọn ọmọ wọn, ó sì di ohun tí àgbà ń sọ fún ẹni tó bá gbọ́ ìkìlọ̀ tó ń fi falẹ̀, pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.