Ẹja Abẹ́ Ewé Baba Fádípẹ̀

Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà. Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí? Kódà àwọn tó jẹ́ pé búrẹ́dì ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ ń pa á lówe. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹ sọ àgbà tó kọ́kọ́ jẹ ẹ̀kọ náà fún mi, ẹ ó máa wojú ara yín. Ó dáa, ẹ fara balẹ̀.

Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Agbóyè. Ogun kò jà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àrùn kò sì wọ ibẹ̀, ni àwọn ènìyàn bá ń darúgbó, tí wọn kò kú. Ohun tí gbogbo wa ń gbàdúrà fún nìyẹn, àbí? Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, orí funfun pọ̀ ju orí dúdú lọ, àwọn ọ̀dọ́ tó ń roko sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọdẹ́wùmí, olórí wọn, ló là á mọ́lẹ̀: "Ẹni tí kò bá gbé ọkọ́ kò gbọdọ̀ jẹ ọbẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nípàdé." Bó ṣe di pé ẹ̀kọ lásán ni wọ́n ń fún àwọn arúgbó nìyẹn, láìsí ọbẹ̀, láìsí àkàrà. Ìyá tó bí Ọdẹ́wùmí gan-an wà lára wọn. Ẹ ò rí nǹkan!

Lọ́dún kan, òjò kọ̀, odò ìlú gbẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ṣèpàdé, wọ́n ní ó di dandan kí ìlú ṣí lọ síbòmíràn. Ọ̀nà náà jìn. Àwọn tí kò lè rìn ńkọ́? Wọ́n máa fi àwọn arúgbó sílẹ̀ kí òǹgbẹ pa wọ́n ni. Baba Fádípẹ̀, tó dàgbà jù nílùú, nawọ́ pé òun ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ọdẹ́wùmí ní kó lọ jókòó sílé. Bàbá gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n gbéra, Ọdẹ́wùmí ń kọjá níwájú ilé Baba Fádípẹ̀, ó sì bá bàbá nídìí ẹ̀kọ. Ó ń bu ẹ̀kọ, ó ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé, ó ń jẹ, ó ń lá ìka. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán. Inú bí Ọdẹ́wùmí.

"Baba, kí lẹ fi ń jẹ ẹ̀kọ?"

"Ẹnu ni."

"Ẹ má fi mí ṣeré! Ọbẹ̀ ta lẹ jí bù?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí ewé náà. Ẹja àrọ̀ sísun ló rí. Kì í ṣe ẹja gbígbẹ o; tútù ni, èyí tí wọ́n pa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣé inú iyanrìn ni ẹja ń gbé ni?

"Baba, níbo lomi wà?"

"Lẹ́yìn òkè, lábẹ́ àpáta. Ibẹ̀ la ti ń mu omi nígbà ọ̀dá tó dá láyé ọmọdé mi. Ìgèrè tí mo fi ń dẹ ẹja ṣì wà níbẹ̀; mo rọra tẹ̀pá lọ wò ó láàárọ̀ yìí."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"Mo wá sọ. Ta ló ní kí n lọ jókòó sílé?"

Ọdẹ́wùmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bú sẹ́kún. Ó dùn ún wọra, nítorí ìyá rẹ̀ ló fẹ́ fi sílẹ̀ fún òǹgbẹ. Ó gbé bàbá pọ̀n kí wọ́n lè tètè dé, bàbá ń júwe ọ̀nà, àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀lé wọn, wọ́n gbẹ́ ẹnu àpáta kó fẹ̀ sí i, omi sì tú jáde. Kò sẹ́ni tó kúrò ní Agbóyè mọ́. Nírọ̀lẹ́, Ọdẹ́wùmí fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọbẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá sún fún un lórí ẹní, ó ní, "Jókòó, ká jọ jẹ ẹ́."

Bí ẹ bá rí ẹni tó ń fojú di arúgbó, tó rò pé nítorí agbára ti tán lára rẹ̀, kò sí ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ìgbà yẹn ni àwọn àgbà ń sọ pé ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà. Ẹ má sì fipá ṣí i. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ bi í.